Ohùn Tí Alábẹ Gé

Ẹ má tíì bá ọkùnrin yìí bínú. Ìbínú ń bọ̀ níwájú, kò ní sá lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé kì í ṣe èèyàn burúkú. Sítúdíò kékeré kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń gba ohùn àwọn tó ń polówó ọjà sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá húkọ́, tí ẹlòmíì mí kanlẹ̀, tí ọ̀rọ̀ há sí ẹnìkẹta lọ́fun, òun ló máa ń fi kọ̀ǹpútà gé e kúrò, tí gbogbo rẹ̀ á sì jáde ní mímọ́ tónítóní. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Alábẹ. Wọ́n ní abẹ ọwọ́ rẹ̀ mú débi pé ó lè gé ẹ̀fọ́rí kúrò lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ yìí náà ló ba ojú rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lójú, ó gba ṣọ́ọ̀bù gíláàsì kan lọ ní òpópónà kejì. Obìnrin tó ń yẹ ojú wò níbẹ̀ mú un jókòó, ó ní kó ka lẹ́tà tó wà lára ògiri fún òun. Alábẹ kà á dé ìlà tó kéré jù, ó sì kà á sáré, bí ọmọ tó mọ ìwé dáadáa. Ẹ bi í bóyá ó rí nǹkan kan níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

Obìnrin náà wò ó títí.

"L-l-l-lẹ́tà mẹ́rin ló wà níbẹ̀," ló sọ. "Ẹ̀yin ka m-m-m-m-márùn-ún."

Ojú ti Alábẹ, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín akólòlò, kò sì bá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó dúró títí tí "márùn-ún" fi jáde. Ká má parọ́, kì í ṣe ìwà rere ló fà á. Ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá fi ohùn tirẹ̀ bọ ohùn ẹlòmíì ti ba nǹkan jẹ́, ó sì ti mọ́ ọn lára láti panu mọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni obìnrin yẹn ṣe fẹ́ mọ̀? Láti kékeré, kò tíì sí ẹni tó jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyinjú, síbẹ̀ bàbá ọ̀hún kì í dúró. Bó bá ti ní "s-s-s", tó fẹ́ sọ pé òun fẹ́ sùn, bàbá á ti bá a sọ súgà, wọ́n á sì gbé súgà wá. Ọmọ tí oorun ń kùn á wá máa lá súgà.

Alábẹ ra gíláàsì. Ó padà wá nítorí pé ó ń fún un létí. Ó tún padà wá nítorí pé ìdè rẹ̀ dẹ̀. Nígbà tó yá, kò rí àwáwí kankan mú dání mọ́, ó kàn dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó ṣìnà. Obìnrin náà bi í pé kí ló tún ṣe gíláàsì. Ó ní gíláàsì ò ṣe nǹkan kan, pé òun náà ni nǹkan ń ṣe. Bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn nìyẹn, láìsí òdòdó, láìsí orin.

Ohun tí wọ́n jọ máa ń sọ jù ni ìwà ọmọ aráyé. Obìnrin náà kò lè ṣe kó má bèèrè. Kí ló dé tí ẹni tí kò ríran fi máa ń méfò lẹ́tà dípò kó ní òun ò rí i? Kí ló dé tí àwọn ọkùnrin fi máa ń ríran jù bí ìyàwó wọn bá jókòó tì wọ́n? Alábẹ ní ìbéèrè báyìí kò yẹ kó parí sínú ṣọ́ọ̀bù. Sítúdíò máa ń ṣófo lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá kò sì ní bínú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì kan, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní "Kí Ló Ń Ṣe Wá?" Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà á pe àlejò kan wá, wọ́n á sì jókòó ti ìbéèrè kan: kí ló dé tá a fi máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé tí kò sẹ́nì kankan? Kí ló dé tá a fi máa ń rẹ́rìn-ín ẹni tó ṣubú ká tó gbé e dìde? Láti ọjọ́ náà ni Alábẹ ti sọ ọ́ ní Oníbéèrè.

Lẹ́yìn tí wọ́n gba ètò àkọ́kọ́ sílẹ̀, Oníbéèrè lọ sílé, Alábẹ sì jókòó sídìí iṣẹ́. Ó gé ìró ọkọ̀ tó kọjá lójú títì. Ó gé ikọ́ àlejò. Ó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti há sí Oníbéèrè lẹ́nu, ó sì gé ìyẹn náà. Kò ronú sí i, bí ẹni tó ń yọ òwú lára aṣọ ni. Nígbà tó parí, obìnrin kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn ètò náà. Wọ́n kọ̀wé ránṣẹ́ pé ohùn obìnrin náà ń tu àwọn lára. Oníbéèrè ka gbogbo rẹ̀ lórí fóònù, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó wá sọ fún Alábẹ pé òun kì í gbọ́ ohùn ara òun. Ó ní olùkọ́ kan gba ohùn òun sílẹ̀ rí nílé ìwé, ó gbé e sí i fún gbogbo kíláàsì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dì mọ́ bẹ́ǹṣì. Láti ọjọ́ náà, òun ti búra pé òun ò ní gbọ́ ọ mọ́.

"Mo ní kí àwọn èèyàn g-g-gbọ́ mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀," ló wí. "Kí ẹni tó bá fẹ́ sá, sá. Wọn ò sá. Ṣé o rí i? Wọn ò s-s-sá."

Alábẹ la ẹnu. Bó bá sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ tán. Àṣìṣe ló jẹ́ títí di ìgbà yẹn, èèyàn sì máa ń ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n ó wo ojú obìnrin náà, ó rí ayọ̀ tí kò rí níbẹ̀ rí, ó sì pa ẹnu dé. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti di irọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tó tún gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà, ó mọ ohun tí òun ń ṣe, ó sì gé e.

Ètò ń gbòòrò, ìfẹ́ náà ń gbòòrò. Nígbà tí Alábẹ ní kí wọ́n fẹ́ra, Oníbéèrè ní òun fẹ́, ṣùgbọ́n òun ò ní wọlé ọkọ láìjẹ́ pé ìyá òun fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n òun obìnrin fẹ́ ọkọ láìgbàṣẹ, ìyá àti ọmọ ò sì tíì jókòó pọ̀ títí dòní. Òun ò lè dá egbò yẹn sí ìyá òun lára lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá náà ń rán kọ́tìnnì. Pálọ̀ rẹ̀ kún fún aṣọ gígùn tí kò tíì rí fèrèsé, èèyàn á ṣí ọ̀kan kó tó rí àga. Ó gba Alábẹ tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un lómi mu, ó bi í níṣẹ́ tó ń ṣe. Alábẹ ní òun máa ń tún ohùn ṣe.

"Ẹ̀ẹ́n," ìyá wí. "Mo ti ń gbọ́ iṣẹ́ yín."

Alábẹ rò pé ìyìn ni. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ìyá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ò fọwọ́ sí i. Kò sọ ìdí. Oníbéèrè bẹ̀bẹ̀, ó sunkún, ó béèrè bóyá torí pé Alábẹ ò tíì kọ́lé ni. Ìyá mi orí, ó tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ.

Àbúrò ìyá ló wá ṣe alárinà. Obìnrin yìí gbà pé kò sí ìgbéyàwó tó dúró dáadáa tí òun ò lọ́wọ́ sí. Ó wọ sítúdíò lọ́jọ́ kan láìkànlẹ̀kùn, ó fọwọ́ tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó wà níbẹ̀, ó tó wá jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi rán mi níṣẹ́ sí ẹ, iṣẹ́ ọ̀hún ò sì yé mi," ló wí. "Ó ní òun ò kórìíra ẹ. Ó ní kí o lọ sọ ohun tí ò ń ṣe fún ọmọ òun, òun kọ́ ló máa bá ẹ sọ ọ́. Kí lò ń ṣe? Ṣé o níyàwó níbòmíì ni?"

"Rárá, Àǹtí."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Mi ò bímọ, Àǹtí."

"Ṣé o ti ṣẹ̀wọ̀n rí?"

"Àǹtí, mi ò ṣẹ̀wọ̀n rí."

"Kí wá ni? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí ètò yín bá ti bẹ̀rẹ̀, òun á pa máṣíìnì, òun á tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, òun ò sì ní gbọ́ ọmọ òun níbẹ̀. Ó ní obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ tó fi ohùn jọ ọ́. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ara yín yá?"

Alábẹ mọ̀ nígbà náà pé ìyá yẹn ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, pé ó fi ọ̀rọ̀ náà sí òun lọ́wọ́ kí òun fọwọ́ ara òun sọ ọ́ kalẹ̀. Ó sọ fún Àǹtí pé òun á ṣe é. Àǹtí ní kó ṣe é kíákíá, nítorí bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Obìnrin náà ò tiẹ̀ mọ irú irọ́ tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣé ó wá ṣe é? Kò ṣe é. Ó ní kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá. Ó ní kí ara Oníbéèrè balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ń lé kì í pẹ́ rí ibi sá sí.

Nígbà tó yá, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá ra gíláàsì. Bó ṣe ń dúró, ó sọ pé òun gbọ́ pé ẹni tó ń ṣe "Kí Ló Ń Ṣe Wá?" ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yìí, pé òun fẹ́ kí i. Oníbéèrè rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "È-è-è-èmi ni." Ìyá náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìkẹ́, ó ní kí ó má fi òun ṣeré. Ó sanwó, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Oníbéèrè gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí sítúdíò. Ó ní obìnrin kan sọ fún òun lónìí pé òun kì í ṣe òun. Ó béèrè bóyá ohùn òun yàtọ̀ nínú ẹ̀rọ.

Gbogbo ohun tí Alábẹ ní láti ṣe ni kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Máìkì máa ń yí ohùn padà," ló sọ.

Oníbéèrè gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò tiẹ̀ tún un bi. Bó ṣe gbà á gbọ́ yẹn ló gún Alábẹ jù lọ. Ká ní ó jiyàn ni, ká ní ó fura díẹ̀, ara ì bá tu ọkùnrin náà. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà, ojú ara rẹ̀ a máa tì í nínú dígí tó wà níwájú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, kí àlejò tó dé, ó pa máìkì. Ó ní òun ní ohun kan tí òun fẹ́ kí Oníbéèrè gbọ́. Oníbéèrè rán an létí pé òun kì í gbọ́ ara òun. Alábẹ ní òun mọ̀, kó jọ̀ọ́, kó gbọ́ tòní nìkan. Ó fi hẹ́dífóònù sí i létí.

Oníbéèrè tẹ́tí sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí sí ọ̀rọ̀ dídùn náà. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "T-t-t-ta nìyí?"

"Ìwọ ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò yọ hẹ́dífóònù títí ètò náà fi parí. Alábẹ ò mọ ibi tí òun máa wò.

"Gbogbo ètò wa l-l-lo ṣe báyìí?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

"Àwọn tó k-k-kọ̀wé pé àwọn fẹ́ràn ohùn mi, ta ni wọ́n ń gbọ́?"

Alábẹ ní kó jọ̀ọ́, ó ní òun rò pé òun ń dáàbò bò ó ni.

"Lọ́wọ́ t-t-ta?" Oníbéèrè gbé hẹ́dífóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀. "Ìwọ nìkan lo jẹ́ kí n p-p-parí ọ̀rọ̀ láyé mi. Ìdí tí mo fi nífẹ̀ẹ́ ẹ nìyẹn. O máa ń dúró. Àṣé bí mo bá ti l-l-lọ tán lo máa ń gé e. Bàbá mi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi lójú mi. Ìwọ, ẹ̀yìn mi lo ti ń g-g-g-gbà á."

Ó mú báàgì rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, ó dúró, kò wẹ̀yìn. Ó ní kí Alábẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ó sì lọ.

Alábẹ dá a padà. Ohùn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ṣì wà nípamọ́ lódindi, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ síta dípò èyí tó gé, látorí ètò àkọ́kọ́. Nígbà náà ni ìyà iṣẹ́ rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Àwọn olùgbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ẹnì kan béèrè bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹlòmíì ní wọ́n ti tan òun jẹ, pé obìnrin ẹlẹ́nu dídùn lòun fẹ́ràn, òun ò mọ eléyìí rí. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọ̀nà tí a ò ní tún sọ níbí. Ohun tí Oníbéèrè ti rò pé kò ṣẹlẹ̀ wá ń ṣẹlẹ̀ sí i, ó sì burú ju bí ì bá ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Alábẹ ka gbogbo èébú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n kàn kọ sí i.

Oníbéèrè kò dá ètò náà dúró. Bó bá ti gba ohùn sílẹ̀ nílé, á fi rán Àǹtí, Àǹtí á sì gbé e wá sí sítúdíò bí ẹni gbé ẹjọ́ wá. Alábẹ kì í gé nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi fèrè ọkọ̀. Ó ń gbọ́ obìnrin tó fẹ́ràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, obìnrin náà ò sì bá a sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀, àwọn tó dúró ń pe àwọn mìíràn wá. Wọn ò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń gbọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀, odindi ọdún kan yí po, kí Oníbéèrè tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ sítúdíò. Ó jókòó sí àyè rẹ̀. Ó ní ìbéèrè ọ̀sẹ̀ yìí ni pé kí ló dé tí èèyàn fi ń tan ẹni tó fẹ́ràn jẹ. Alábẹ béèrè pé ta ni àlejò. Oníbéèrè tọ́ka sí àga tó wà níwájú máìkì.

Ọkùnrin tó ti gé ohùn gbogbo ayé jókòó, ọ̀rọ̀ sì há. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Oníbéèrè gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń dúró dè é.

"Mo sọ fún ẹ pé mò ń dáàbò bò ẹ́," Alábẹ sọ níkẹyìn. "Irọ́ ni. Mo bẹ̀rù pé wọ́n á rẹ́rìn-ín ẹ, pé wọ́n á sì wá béèrè ẹni tó ń bá ẹ rìn. Ojú ara mi ni mò ń bò."

Oníbéèrè ní, "Ìyẹn g-g-gan-an ni mò ń dúró gbọ́." Wọ́n gbé ètò yẹn síta bó ṣe rí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú rẹ̀ sì gùn ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ìgbà tí wọ́n tún jọ wọ pálọ̀ ìyá, kọ́tìnnì tuntun ló wà níbẹ̀, àga kan náà ni Alábẹ jókòó sí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ìyá ní òun ti gbọ́ ọ nínú ètò, kó dìde. Ìyá wá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, o mọ ohun tó ṣe. Ẹnu tìrẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣé o gbà láti fẹ́ ẹ?"

Oníbéèrè la ẹnu. Kò sí nǹkan kan tó jáde. Ìyá fọwọ́ lé máṣíìnì tí kò ṣiṣẹ́. Alábẹ ń gbọ́ bí aago ògiri ṣe ń lù, kò sì mọ̀ bóyá "mo gbà" ló há síbẹ̀ ni tàbí "mo kọ̀". Ara Àǹtí ò gbà á mọ́. Ó ní, "Ó ní òun g..." Alábẹ na ọwọ́, ó dá a lẹ́kun.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀."

Wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó mira.

"Mo gbà," Oníbéèrè wí.

Ìyá nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí kọ́tìnnì tó jẹ́ ti oníbàárà. "Mo ti gbọ́ ọmọ mi," ló wí. Àǹtí ní òun sá ti mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín, Oníbéèrè ló rẹ́rìn-ín jù.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Alábẹ ní àyà òun já, pé òun ò mọ̀ pé "mo gbà" máa há tó bẹ́ẹ̀.

"Kò há," Oníbéèrè dáhùn. "Mò ń r-r-rò ó ni."

Alábẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ẹnu. Ó rántí gbogbo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ti gé, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, tó rò pé ahọ́n ló kọ́ nínú wọn. Kò mọ èwo ni ìkólòlò nínú wọn, kò sì mọ èwo ni obìnrin yìí fi ń ronú.

Ó bi í pé kí ló wá rò. Oníbéèrè dúró lórí àtẹ̀gùn, ó wò ó, ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ò tíì jáde. Alábẹ gbé ọwọ́ lé irin àtẹ̀gùn, ó ń dúró.